Bí Mo Ṣe Wọ Ilé Òkúta Àwọn Òkú Létí Òkun

Láti ìgbà tí mo ti padà dé sí Ayétòrò, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi mí: ṣé òtútù ibẹ̀ pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ? Ó pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé èmi tí ẹ mọ̀ yìí, èmi tí kì í ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, mo wọ inú ibojì kan tí wọ́n fi òkúta kọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ irin lò ní apá ibẹ̀ yẹn. Mo dúró nínú rẹ̀, mo sì jáde.

Fún ẹni tí kò mọ ìtàn mi: olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìlaròó nígbà kan. Yàrá kan ni mo gbà nínú ilé àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ara rẹ̀ kó lè dà bí tuntun. Òjò ọdún kan rọ̀ títí, ògiri mumi, ilé wó lé wa lórí lọ́sàn-án gangan. Igi àjà kan ló há sórí mi tí ìyókù ò fi tẹ̀ mí pa. Àwọn ará àdúgbò fi ọkọ́ àti ọwọ́ wú mi jáde. Ìyá tí a jọ ń gbé, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín àwa méjèèjì, kò yè é. Láti ìgbà náà, ibi tí wọ́n bá ti sé mọ́ mi, èémí mi kì í délẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣíṣí ni mo fi ń sùn. Nínú mọ́tò, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo ń jókòó. Bí àyè ò bá sí níbẹ̀, n ó gun ọ̀kadà láti Ọjà-Ọ̀dàn délé nínú ekuru tírélà sìmẹ́ńtì.

Nígbà tí Ọmọ́yẹni, ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo, bímọ sí ilẹ̀ Faransé, tó ní kí n wá bá òun wẹ ọmọ, inú mi dùn, àyà mi sì já. Fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú kì í ṣí. Mo lọ ṣá.

*Faransé ìbodè*

Ìlárá ni ìyá mi ti wá, ẹ sì mọ̀ pé ní Ìlárá, ìbodè kì í ṣe ohun tí à ń rìnrìn-àjò lọ bá. Ẹ̀yìn ilé ló wà. Láti kékeré la ti ń kí àwọn ará òdì kejì ní "bọ̀ǹjúù," tí àwọn náà ń fi Yorùbá dá wa lóhùn. Nítorí náà, mo ka ara mi mọ́ àwọn tó gbọ́ Faransé. Ìgbà tí mo dé ọ̀hún ni mo rí i pé Yorùbá ni mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Lẹ́yìn ìkíni àti iye tí wọ́n ń ta ẹja, mi ò ní nǹkan mìíràn lẹ́nu.

Bùrẹ́táànì ni wọ́n ń pe agbègbè tí ọmọ mi ń gbé. Etí òkun ni, ilẹ̀ òkúta àti afẹ́fẹ́. Yan, ọkọ rẹ̀, ọmọ ibẹ̀ gan-an ni. Ìyá Yan, tó ń jẹ́ Ànìkì, ló dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin gígùn ni, ó dàgbà jù mí lọ, irun rẹ̀ funfun, bàtà òjò sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Bí mo ṣe rí àna mi, mo kúnlẹ̀. Ó rò pé mo fẹ́ ṣubú ni. Ó gbá mi mú lábíyá, ó fà mí dìde, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lọ́tùn-ún àti lósì. Mo tún kúnlẹ̀, ó tún fà mí dìde. Ọmọ́yẹni ló là wá bí ẹni ń la ìjà.

"Dèbórà," ni ó wí, "káàbọ̀, Dèbórà."

Nígbà tó kúrò níbẹ̀, mo pe ọmọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kí ló dé tí ìyá ọkọ rẹ ń pe orúkọ mọ́ mi lórí?"

"Màmá, ọ̀yàyà ni níbí. Ó fẹ́ kí ẹ jọ jẹ́ ọ̀rẹ́ ni."

"Ọ̀rẹ́ kẹ̀? Àna mi ni."

"Ẹ máa pe tiẹ̀ náà nìyẹn. Ànìkì."

"Kí n máa pe àna mi lórúkọ. O ti pẹ́ níbí jù."

Màmá Yan ni mo ń pè é. Ó bi ọmọ mi léèrè ohun tó túmọ̀ sí, nígbà tó sì gbọ́, ó rìn ká gbogbo àdúgbò, ó ń sọ fún wọn pé òun ti ní orúkọ tuntun.

*Àwọn ènìyàn ibẹ̀ àti ẹnu wọn*

Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń kíni níbẹ̀, ó tán. Kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí ẹ kú ìjókòó. Mo rí ọkùnrin kan tó ń tún ojú títì ṣe, mo kí i, mo dúró díẹ̀ kí n bi í léèrè àwọn ará ilé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí. Ó gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀, ó sin mí títí dé orígun òpópónà, ó ń nàka sí ọ̀nà ilé ìjọba ìbílẹ̀. Ó rò pé mo sọnù ni. Ọkàn mi balẹ̀ sí wọn lọ́jọ́ náà. Ẹni tó lè gbé iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àlejò, ìkíni rẹ̀ ìbáà kúrú, ìwà rẹ̀ ò kúrú.

Oúnjẹ wọn dára. Wọ́n ń din nǹkan kan tó fẹ̀ bí àwo, tó tín-ín-rín bí aṣọ ìborùn, wọn a fi bọ́tà oníyọ̀ ra á, wọn a sì ká ẹyin sínú rẹ̀. Mo jẹ ẹ́, mo tún bù ú. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń gbé ẹran inú ìkarawun òkun kan wá tí wọ́n ń gbé mì láìsè, tó ṣì ń mì. Yan gbé ọ̀kan fún mi. Mo wo Ọmọ́yẹni, ó ń wo àjà. Mo ní mo ti yó.

*Ilẹ̀kùn*

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ló ṣòro fún mi.

Tèmítáyọ̀ ni a sọ ọmọ náà. Ètò wa ni pé bí Ọmọ́yẹni bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dọ̀ mi lọ́mọ yóò máa wà lójúmọ́, nínú yàrá tí wọ́n fún mi. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yàrá náà wúwo, ó sì ń ti ara rẹ̀. Bó bá ti tì, mo ti dìde. Mo fi àga há a kó má lè tì, mo sì ṣí fèrèsé sí i. Afẹ́fẹ́ òkun ń wọlé bí ẹni tó ní ilé. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Lẹ́yìn náà ó ń wúkọ́. Yan kì í bínú. Yóò kọjá, yóò rọra gbé àga kúrò, yóò ti ilẹ̀kùn. Bó bá lọ, n ó dìde ṣí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ mi wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ibùsùn, ó ń fi èékánná họ aṣọ ibùsùn. Ìgbà tó wà ní kékeré ló ti ní ìwà yẹn bó bá ní ọ̀rọ̀ tó ń wúwo lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, Yan ní ká fi ọmọ sí kíréèṣì."

"Kí n sì wá máa ṣe kí ni?"

"Ẹ máa sinmi. Mi ò sọ pé ẹ ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọmọ ò lè wà nínú afẹ́fẹ́ yìí, ẹ̀yin náà ò sì lè wà níbi tí ilẹ̀kùn bá ti tì. Mo mọ̀. Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ yín lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ilé yẹn."

"Fún mi ní àyè díẹ̀."

"Títí di ìgbà tí mo bá padà sẹ́nu iṣẹ́, Màmá. Kò jìnnà mọ́."

Mo gba gbogbo ọ̀nà yẹn kọjá láti wẹ ọmọ, wọ́n sì fẹ́ gbé e fún ẹni tí a ó máa sanwó fún. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Bí èmi náà bá jẹ́ Yan, ohun tí n ó sọ nìyẹn.

*Ìwẹ̀*

Màmá Yan ò tíì rí bí àwa ṣe ń wẹ ọmọ rí. Ó wọlé bá mi lọ́jọ́ kan, mo ti na ẹsẹ̀, ọmọ wà lórí rẹ̀, mo ti fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ̀ ọ́, mo ti fi òrí ra á. Mo na apá rẹ̀, mo ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kan àyà, mo di ẹsẹ̀ méjèèjì mú, mo gbé e sókè, orí nísàlẹ̀, díẹ̀ báyìí. Màmá Yan sún mọ́ wa. Ó kàn kúnlẹ̀ síwájú mi, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sábẹ́ ọmọ, ó sì tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ títí mo fi ṣe tán. Tèmítáyọ̀ yán, ó sì sùn.

"Ẹ̀rù bà yín," ni mo wí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kúrú, tèmi náà ò gùn, a sì ń gbọ́ ara wa.

"Ó bà mí gan-an," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ń rẹ́rìn-ín lójú oorun."

Ọjọ́ kejì, ó tún wá. Ó tún tẹ́ ọwọ́. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó fi ọwọ́ rẹ̀ sí àpò, ó kàn ń wò. Mo ronú sí i. Ohun tí obìnrin yìí ṣe, kò sá, kò sì sọ pé ẹ̀rù ò ba òun.

Ilé rẹ̀ la lọ jẹun lọ́jọ́ ìsinmi. Mo rí òkúta kan lórí pẹpẹ tó wà lókè ààrò wọn, ó dúdú, ó sì ní àwọ̀ ewé díẹ̀, ó dán, ẹnu rẹ̀ kan mú bí àáké. Mo dìde.

"Ọmọ́yẹni, bi wọ́n, níbo ni wọ́n ti rí ẹdùn àrá?"

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bàbá mi hú ọ̀kan nínú ebè iṣu, wọ́n sì ní àrá ló sọ ọ́ sílẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti kọ́ wa pé àwọn ará àtijọ́ ló fi ń gé igi. Nígbà tí ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀, Màmá Yan jókòó. Ó ní òkúta àrá ni àwọn àgbà tiwọn náà ń pè é, pé wọ́n máa ń fi há ògiri kí mànàmáná má baà kan ilé. Àwa méjèèjì ń wo ara wa. Kò sí ẹni tó bá wa gbé ọ̀rọ̀ yẹn láti Ayétòrò dé ibẹ̀.

"Àwọn tó ṣe é ní ilé kan lẹ́bàá ibí," ó ní. "Èmi ni mo ń mú àlejò wò ó, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. N ó mú yín lọ."

A kì í sọ pé rárá fún àna. Mo ní ó dára, láìbéèrè irú ilé tó jẹ́.

*Òkìtì*

Inú kòríko ni wọ́n kó o jọ sí, òkìtì òkúta eérú, ó ga bí ilé, ó fẹ̀ bí pápá tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń tò sí láàárọ̀. Òkun ń dán lẹ́yìn rẹ̀. Màmá Yan sọ pé ọ̀nà tóóró kan wà nínú rẹ̀, pé yàrá kan wà ní ìparí ọ̀nà náà, òkúta ńlá ni ògiri, òkúta ńlá ni òrùlé, ibẹ̀ sì ni àwọn ará àtijọ́ ń kó òkú wọn sí, òkú àgbà àti òkú ọmọdé, láti ìran dé ìran. Egungun wọn ti di iyẹ̀pẹ̀.

Ó bi mí bóyá irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ tiwa.

"Bàbá bàbá mi wà nínú pálọ̀," ni mo wí.

Ó dúró lójú ọ̀nà. "Nínú pálọ̀ tí ẹ ń jókòó sí?"

"Lábẹ́ ibi tí a gbé tẹlifísàn sí."

"Ẹ̀rù kì í bà yín?"

"Bàbá wa ni. A ṣáà ń rọra gbálẹ̀ níbẹ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di apá mi mú. Nígbà tó dákẹ́, ó bi mí pé, bí òkú ò bá bà mí lẹ́rù, kí ló wà nínú ilẹ̀kùn títì. Mo sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní: ilé wó lé mi. Kò bi mí ní òmíràn. Kò sì tú apá mi sílẹ̀.

Ẹnu ilé náà kò ga ju àyà mi lọ. Màmá Yan ṣí géètì onírin. Òkùnkùn ni mo rí, òórùn ilẹ̀ tútù sì fẹ́ sí mi lójú, òórùn ọjọ́ tí ilé wó lé wa gan-an. Ẹsẹ̀ mi dúró. Ọmọ́yẹni wà lẹ́yìn mi, ó pọn ọmọ. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ tí àwọn náà fẹ́ wò ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ òjò.

Ẹ̀yin ẹ mọ̀ pé a kì í wọ ilé onílé láìkágò. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi fúnra rẹ̀.

"Àgò o."

Òkúta gbà á, kò dá a padà. Mo dúró.

"Màmá, ẹ wọlé."

"Wọn ò tíì dáhùn."

"Àwọn wo?"

"Àwọn onílé."

"Màmá, wọ́n ti kú."

"Mo mọ̀ pé wọ́n ti kú. Ṣé bí ènìyàn bá kú, ilé rẹ̀ wá di ọjà ni?"

Mo gba ohun tí mo sọ gbọ́, mo sì tún ń fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó dáhùn, mo lè yí padà kí n lọ sílé, kò sì sí ẹni tó lè bá mi wí. Àwọn tọkọtaya ẹ̀yìn wa ò pòṣé, wọn ò súfèé. Wọ́n ń wo òkun.

Màmá Yan bi ọmọ mi léèrè ohun tó dé. Ọmọ mi ṣàlàyé. Ó tún bi í pé kí ni onílé máa ń dáhùn. Ó gbọ́ ọ, ó sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ orí ba, ó wọ inú òkùnkùn lọ. A ń gbọ́ bàtà òjò rẹ̀ lórí òkúta. Lẹ́yìn náà ni ohùn wá láti inú lọ́hùn-ún:

"Àgò yà."

Ahọ́n rẹ̀ ò gbé e dáadáa. Ṣùgbọ́n onílé ti dáhùn, ẹni tí wọ́n bá sì ti dá lóhùn tí kò wọlé, àbùkù ló fi kan onílé. Kò sí ọ̀nà àbáyọ mọ́. Mo tẹ̀ ba, mo wọlé.

*Nínú*

Mo ń fi ọwọ́ tọ́ ògiri lọ. Ó tutù. Ọ̀nà náà gùn lójú mi ju bó ṣe rí lọ, nígbà tí mo sì dé yàrá, mo nàró, orí mi ò kan nǹkan. Màmá Yan tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri. Wọ́n ti fín gbogbo ara òkúta náà, ìlà tó ń yí ká bí ojú omi tí a sọ nǹkan sí, àti láàárín wọn, àáké, àwòrán ẹdùn àrá yẹn gan-an, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì.

Èmi ò ráyè fún àwòrán. Òrùlé ni mo ń wò. Òkúta kan ṣoṣo ni, ó tóbi ju mọ́tò lọ, orí àwa méjèèjì ló wà. Mo gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, mo yẹ igun gbogbo wò, mo ń wá ibi tó ti sán, mo ń wá ibi tó mumi. Mo ti mọ bí ògiri tó fẹ́ wó ṣe ń rí.

"Ta ló gbé e ró?" mo bi í. "Sìmẹ́ńtì wọn dà?"

Ó mú ọwọ́ mi, ó fi kan ibi tí òkúta ti pàdé òkúta. Òkúta kéékèèké ni wọ́n fi há àárín, wọ́n há a pinpin. "Kò sí sìmẹ́ńtì," ó ní. "Wọ́n gbé ara wọn ró."

Mo ronú kan ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ibese lọ́dọ̀ wa, níbi tí a ti ń fọ́ òkúta, tí à ń lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun ká tó fi kọ́lé. Àwọn wọ̀nyí fi òkúta sílẹ̀ bó ṣe rí, wọ́n wá ibi tó fẹ́ jókòó sí. Àyà mi ṣì ń lù. Mo gbọ́ ọ nínú yàrá yẹn bí ẹni ń gún nǹkan. Ṣùgbọ́n èémí mi ń lọ, ó ń bọ̀.

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níta.

"Gbé e wá," mo ké sí Ọmọ́yẹni.

"Màmá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Mo ní gbé e wá."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gbé Tèmítáyọ̀ lé mi lẹ́sẹ̀. Ó wo tọ́ọ̀ṣì, ó dákẹ́. A wà bẹ́ẹ̀ títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu ọ̀nà, mo sì sọ fún wọn pé ó tó. Mi ò ní purọ́ fún yín: bí mo ṣe jáde, mo jókòó sórí kòríko, mo sunkún díẹ̀. Màmá Yan gé búrẹ́dì àti bọ́tà fún mi, ó sì fún àwọn tọkọtaya yẹn náà. A jọ jẹun níwájú ilé àwọn òkú bí ará kan náà.

*Ọ̀sán ọjọ́ òjò*

Ẹ má ṣe rò pé mo délé tí mo ti gbogbo ilẹ̀kùn. Mo kọ́kọ́ ń fi bàtà há ẹnu ilẹ̀kùn yàrá mi dípò àga. Nígbà tó yá, aṣọ ọmọ tí mo ká ni mo ń fi há a. Ọmọ ò wúkọ́ mọ́ tó bẹ́ẹ̀, Yan sì rí i. Ó wá ń ra ẹja tí mo fẹ́ràn wálé, a ò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kíréèṣì mọ́.

Ọjọ́ tí Ọmọ́yẹni padà sẹ́nu iṣẹ́, òjò dé láti orí òkun, ó ń na fèrèsé. Èmi àti ọmọ nìkan la wà nílé. Òtútù ń gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé. Mo wo ọmọ, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan inú. Mo dìde, mo yọ aṣọ náà kúrò, mo sì dúró tì í nígbà tí ilẹ̀kùn ń ti ara rẹ̀. Mo fi ọwọ́ tẹ ògiri. Mo wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òrùlé. Lẹ́yìn náà mo dùbúlẹ̀ ti ọmọ, mo gbé apá mi lé e, mo ń gbọ́ òjò tí kò lè wọlé.

Mi ò mọ ìgbà tí mo sùn. Ẹsẹ̀ Ọmọ́yẹni tó ń sáré lórí àtẹ̀gùn ló jí mi. Ó rí ilẹ̀kùn ní títì, kò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ̀rù sì bà á. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá a.

"Màmá? Màmá, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"A wà níbí," mo dá a lóhùn. "Rọra, ọmọ ń sùn."